Ẹni Tí Wọn Ò Jẹ́ Kó Ṣubú

Kí ìjà ẹ̀ṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ tìrẹ gbọ́dọ̀ lọ wo bí wọ́n ṣe ń di báńdéèjì mọ́ ọwọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ bá jà, kí wọ́n má baà fi irin pamọ́ síbẹ̀. Ohun tó gbé bàbá àgbà Cleophus Tarver, tó jẹ́ kóòṣì ẹ̀ṣẹ́, dé yàrá Lamar Gaines, ẹni tí ọmọ tó ń kọ́ fẹ́ bá jà ní Detroit, nìyẹn. Àṣà kejì sì tún wà: ọ̀rọ̀ yòówù tí ọ̀tá bá sọ níbẹ̀, kóòṣì kì í gbé e lọ bá ọmọ tirẹ̀, kí àyà ọmọ má baà já. Àṣà burúkú gbáà!

Gaines ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀gbọ́n mi kú sí Vietnam. Ọmọ yín ní òun ò lọ ní tòun. Mi ò ní gbá a ṣubú o. Ńṣe ni màá gbé e dúró, kí ìyà lè jẹ ẹ́ dáadáa."

Tarver gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Otis Pettiway ni ọmọ tó tọ́ dàgbà sínú ẹ̀ṣẹ́, tó sì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Nígbà tí ìjọba pe Otis sógun, ó ní ẹni tí kò ṣẹ òun, òun ò ní pa á. Wọ́n gba bẹ́líìtì olúborí lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n, wọ́n wá ń pè é ní ojo. Orúkọ yẹn ló dùn ún ju ẹ̀wọ̀n lọ. Ìjà àkọ́kọ́ rẹ̀ láti ọdún mẹ́rin rèé, ó sì ti mú Tarver fi Bíbélì búra pé bó ti wù kó le tó, kò ní ju aṣọ ìnura sínú ríìngì pé àwọn ò jà mọ́.

Ní ráúndì kẹrin, orúnkún Otis yẹ̀. Gaines yára ki èjìká bọ̀ ọ́ lábíyá bí ẹni ń dì mọ́ ọn, ó gbé e nàró, ó wá gbá a lójú òsì. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe é títí. Àwọn èrò ń pàtẹ́wọ́ pé akin ni Otis, kò ṣeé gbé ṣubú. Tarver nìkan ló mọ̀. Aṣọ ìnura wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ro ìbúra. Ìbúra wo ló ju ojú ọmọ lọ? Àgbàyà ọkùnrin! Ó wòran títí dé ráúndì kẹwàá tí ìjà parí.

Nínú yàrá tiwọn, ojú òsì Otis ti fọ́, tọ̀tún ò rí ju òjìji lọ, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá, kò lè gbé mi ṣubú. Ta ló tún máa pè mí lójo?"

Tarver ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ òun.

Gaines ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Bàbá, ẹ ò sọ fún un?" Ó wá fẹnu ara rẹ̀ ro gbogbo rẹ̀, ìgbà tó gbé Otis dúró àti iye ìgbà tó gbé e.

Otis yíjú síbi tó rò pé Tarver wà. "Ẹ ti mọ̀ kí n tó wọ ríìngì?"

"Mo mọ̀."

"Ká ní ẹ sọ fún mi ni, ǹ bá jókòó sílẹ̀ fúnra mi. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀ jálẹ̀. Ẹ máa lọ, Ọ̀gbẹ́ni Tarver."

Tarver fẹ́ dì í lọ́wọ́ mú kó má baà kọsẹ̀, Otis já ọwọ́ gbà. Ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ni Otis bẹ̀ kó wá fa òun dé ìdí mọ́tò.