Omi Kànga Alájì Suara

Oorun ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kẹ́mísìrì ni Míìsì Morẹ́nikẹ́ Oyèbọ́lá ń kọ́ àwọn ọmọ SS kejì ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kan l'Agége, níbi tí ògiri ilé iṣẹ́ ti fẹ̀gbẹ́ ti ògiri ilé ẹ̀kọ́. Bó bá ti wọ kíláàsì báyìí, àwọn ọmọ á ti máa gbórí lé tábìlì. Kò sì lè dá wọn lẹ́bi. Ọdún kẹta rèé tí ìjọba ológun ti gbé ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé tí gbogbo nǹkan ti wọ́n gógó, àgádágodo sì ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn lábù láti ìgbà tí oògùn inú ìgò tó gbẹ̀yìn ti tán. Ojú pátákó ló ti ń ya ìgò, ibẹ̀ náà ló ti ń ya iná, á fẹnu sọ pé, "Ó ti pupa báyìí," àwọn ọmọ á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti pupa. Ta ni oorun ò ní í kùn nídìí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀?

Lọ́jọ́ kan, inú bí i. Ó ra ìsápá pupa lọ́jà, èyí tí àwọn Hausa fi ń se sóbò, ó rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, ó sì gbé omi rẹ̀ wá sí kíláàsì pẹ̀lú ife onígíláàsì méjì. Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ọ̀kan, ó bu omi eérú sínú èkejì. Nígbà tó kán omi ìsápá sí ti ọsàn, ó pọ́n fòò. Nígbà tó kán an sí ti eérú, ó di àwọ̀ ewé lójú gbogbo wọn. Àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá gun orí àga.

"Míìsì, ẹ tún un ṣe!"

"Èmi kọ́. Ẹ̀yin lẹ máa wá ṣe é," ni Morẹ́nikẹ́ wí.

Bí oorun ṣe fò lọ nìyẹn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó nǹkan wá látilé: ọṣẹ dúdú, omidùn ògì, kán-ún, ọtí kíkan tí ẹnìkan jí bù nínú ìgò bàbá rẹ̀. Àwọn tó ń sá fún kẹ́mísìrì tẹ́lẹ̀ wá ń jà sí ìjókòó iwájú. Morẹ́nikẹ́ a sì máa tẹnu mọ́ ọn fún wọn pé kí wọ́n má gba nǹkan gbọ́ tìtorí pé tíṣà ló sọ ọ́, ohun tí wọ́n bá fojú ara wọn rí ni kí wọ́n gbà. Ká má purọ́, inú rẹ̀ dùn. Ó ti pẹ́ tí iṣẹ́ tíṣà ti dùn mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ lára jù ni Uswat, ọmọ ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bátìrì mọ́tò tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ tí kì í lanu sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Òun ló wá di ẹni tó ń béèrè ìbéèrè títí agogo á fi dún, tó tún ń tẹ̀ lé tíṣà dé ẹnu ọ̀nà yàrá olùkọ́. Ó ní dókítà lòun fẹ́ ṣe.

Nígbà tó kan ẹ̀kọ́ nípa omi, Morẹ́nikẹ́ ní kí kálukú bu omi mímu ilé rẹ̀ wá. Wọ́n kán ìsápá sí i. Ti àwọn yòókù di àwọ̀ àlùkò tó ṣì, bó ṣe yẹ kó rí. Ti Uswat pọ́n fòò, bí ìgbà tí èèyàn fún ọsàn sí i.

Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Morẹ́nikẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ó ní álọ́ọ̀mù ni. Ṣebí àwọn tó ń mu omi kànga l'Agége máa ń ju òkúta funfun yẹn sínú dúrọ́ọ̀mù kí ìdọ̀tí rẹ̀ lè silẹ̀? Álọ́ọ̀mù sì ní kíkan tirẹ̀ nínú.

"A ò fi álọ́ọ̀mù sí i mà," ni Uswat wí. "Mo kàn fà á nínú kànga láàárọ̀ yìí ni, mo sì rọ ọ́ sínú ìgò tààrà."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Morẹ́nikẹ́. "Ta ló ń mu omi yìí?"

"Gbogbo àdúgbò wa mà. Ìyá mi gan-an, òun ni wọ́n máa ń mu ṣáá. Wọ́n lóyún, òùngbẹ kì í jẹ́ kí wọ́n sinmi."

Lẹ́yìn ìparí ẹ̀kọ́, Morẹ́nikẹ́ tẹ̀ lé e délé. Kànga náà wà ní àgbàlá Alájì Suara, onílé wọn, kò sì ju ìgbésẹ̀ díẹ̀ sí ògiri ilé iṣẹ́ bátìrì. Sàdáákà ni Alájì fi gbẹ́ ẹ fún ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé, pé kí ẹni tó bá mu níbẹ̀ tàbí tó bá fi ṣe àlùwàlá máa ṣe àdúà fún un. Ẹnikẹ́ni kì í gbowó omi níbẹ̀. Morẹ́nikẹ́ fa omi fúnra rẹ̀. Ó rí irin ọwọ́ korobá tó ti jẹ, ó rí ọwọ́ àwọn obìnrin tó ń fọṣọ, bí awọ ibẹ̀ ṣe ń bó. Ó kán ìsápá sómi. Ó pọ́n.

Ó mọ ohun tí wọ́n ń lò nínú bátìrì: ásíìdì àti òjé. Ìsápá lè tú àṣírí ásíìdì. Òjé kì í pa àwọ̀ omi dà, kì í rùn, ọmọ tó ṣì wà nínú oyún ló sì máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Ìyá Uswat jókòó sórí àpótí lábẹ́ ìbòòji, ikùn rẹ̀ ti yọ gan-an, ó ní ó máa ń ṣe òun bí ẹni fi kọ́bọ̀ sẹ́nu láti bí oṣù mélòó kan.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Uswat, ẹ má mu omi yìí mọ́," ni Morẹ́nikẹ́ wí. "Ọmọ inú yín ni mò ń rò."

Obìnrin náà gbọ́. Ṣùgbọ́n Uswat ò fi mọ sílé wọn. Ó gbé ìgò ìsápá lọ́wọ́, ó ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé, ó ń fi han àwọn èèyàn. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin àdúgbò fi ń sọdá ojú irin lọ pọnmi ní ìdí ẹ̀rọ. Kànga Alájì dá páropáro. Alájì Suara fọwọ́ lẹ́rán, ó ń bi ẹni tó bá ń kọjá léèrè bóyá sàdáákà tóun ṣe fún ìyá òun ni wọ́n wá ń pè ní májèlé.

Lẹ́yìn náà ni mọ́tò Pijó dúdú kan bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sí òdìkejì géètì ilé ẹ̀kọ́. Ó máa ń wà níbẹ̀ láàárọ̀, ó máa ń wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń jáde. Ẹnikẹ́ni kì í sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀. Morẹ́nikẹ́ kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò rí i. Nígbà tó yá, ó ń gba ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ lọ sílé.

Ọ̀gá àgbà wọn, Ọ̀gbẹ́ni Dàwódù, ló ránṣẹ́ pè é. Àlejò kan wà ní ọ́fíìsì, ọkùnrin sísanra kan tó wọ kóòtù, tí ohùn rẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀. Ó dìde kí i dáadáa.

"Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o, Madam. Job lorúkọ mi, ilé iṣẹ́ bátìrì ló rán mi wá. A gbọ́ pé ẹ ti jẹ́ kí àwọn ọmọ fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì. Ó wu Kọ́nẹ́ẹ̀lì gan-an, ọ̀gá wa. Wọ́n ní ká tún lábù yín ṣe. Ìgò, gáàsì, oògùn tí ẹ máa lò, gbogbo ẹ̀ ti wà nínú mọ́tò níta."

Morẹ́nikẹ́ wo Dàwódù. Dàwódù ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

"Nǹkan kékeré ni. Ẹ̀yin náà kúkú kọ́kọ́ sọ ọ́ ní kíláàsì pé álọ́ọ̀mù ni. Ẹ ṣáà tún un sọ ní àsẹ́ńbìlì ọ̀la."

Ara Morẹ́nikẹ́ bù máṣọ. Ta ló sọ ohun tóun sọ nínú kíláàsì fún ọkùnrin yìí?

"Tí mi ò bá sọ ọ́ ńkọ́?"

Job rẹ́rìn-ín músẹ́. "A ò bá yín jà o, Madam. Bàbá ọmọbìnrin yẹn, ọ̀dọ̀ wa ló wà, òṣìṣẹ́ dáadáa ni. Kọ́nẹ́ẹ̀lì kàn kórìíra àwọn tó ń da ìlú rú ni. Ẹ̀yin náà ẹ mọ irú ìgbà tá a wà."

Ó mọ̀ ọ́n. Tíṣà físíìsì wọn tó ń ṣe agbẹnusọ fún ẹgbẹ́ olùkọ́, wọ́n wá gbé e nínú kíláàsì lójú àwọn ọmọ, títí di ìsinsìnyí ìyàwó rẹ̀ kò mọ àtìmọ́lé tó wà. Ẹ̀rù ba Morẹ́nikẹ́, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n ó tún dọ́gbọ́n kan sínú. Òun á sọ irọ́ náà, àwọn ọmọ òun ò sì ní í gbà á. Ṣebí òun ló kọ́ wọn pé kí wọ́n má gba ọ̀rọ̀ tíṣà gbọ́ lásán? Wọ́n ti fojú ara wọn rí i, wọ́n á mọ̀ pé wọ́n fipá mú òun ni, lábù á sì ṣí, bàbá Uswat á sì máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí òwe nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà á?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́, Job sì dúró sí ìdí òpó àsíá.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ni Morẹ́nikẹ́ wí, "omi tó pọ́n ní kíláàsì wa, álọ́ọ̀mù ló fà á. Nǹkan kan ò ṣe kànga yẹn."

Ó fojú wá Uswat láàárín èrò, ó sì ṣẹ́jú sí i. Uswat ń wò ó láìmira. Nígbà tó ṣe, ó mi orí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó gbà. Ọkàn Morẹ́nikẹ́ balẹ̀ pé ó ti yé e.

Wọ́n ṣí lábù lọ́jọ́ yẹn gan-an. Àwọn ọmọ ń já páálí, wọ́n ń gbé ìgò tuntun sókè síbi ìmọ́lẹ̀, wọ́n ń pariwo. Ayọ̀ tí Morẹ́nikẹ́ ti ń tọrọ láti ìgbà tó ti di tíṣà nìyí, kò sì lè bá wọn yọ̀. Uswat kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní nígbà ìsinmi ló ti sáré gba ilé lọ.

Morẹ́nikẹ́ kò dúró kí agogo ìparí dún. Láti òkèèrè ló ti ń gbọ́ ariwo korobá ní àgbàlá Alájì Suara. Àwọn obìnrin ti padà sídìí kànga, dúrọ́ọ̀mù tò lọ bẹẹrẹ. Uswat fúnra rẹ̀ ló ń fa omi fún wọn, òógùn ń dà lójú rẹ̀, ó ń wí pé, "Míìsì wa ló sọ ọ́ o! Ẹnu Míìsì fúnra wọn ni mo ti gbọ́ ọ!"

Alájì Suara jókòó pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ń dán. "Tíṣà, Ọlọ́run á bù kún yín. Ẹ bá mi tún orúkọ ìyá mi ṣe. Àwọn ará ilé iṣẹ́ bátìrì tún fi odindi àpò álọ́ọ̀mù ta wá lọ́rẹ, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà á sínú kànga tán ni."

Morẹ́nikẹ́ rí àpò òfìfo náà, ó rí èérún òkúta funfun tó fọ́n ká ẹnu kànga. Ohun tí wọ́n ṣe yé e kíákíá. Láti òní lọ, ìgbàkígbà tóun bá kán ìsápá sí omi yìí, pupa ló máa pọ́n, álọ́ọ̀mù sì ni ìdáhùn rẹ̀. Ẹ̀rí kankan ò sí mọ́. Ó fa Uswat sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Uswat, o rí i lójú ara ẹ. Ìwọ lo sọ pé ẹ ò fi álọ́ọ̀mù sí i."

"Mo ti rò ó mà. Ó ní láti jẹ́ pé ẹnìkan ti ju álọ́ọ̀mù síbẹ̀ kí n tó jí. Ojú mi ló tàn mí." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tó fẹ́ tu tíṣà rẹ̀ nínú. "Ẹ̀yin ò lè purọ́ fún wa."

"Mo purọ́." Kò mọ̀ pé òun ti pariwo. "Irọ́ ni mo pa láàárọ̀ yìí! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu omi yìí!"

Ọwọ́ Alájì dúró lórí tẹ̀sùbáà.

"Tíṣà," ni Alájì wí, "lọ́jọ́sí ẹ ní májèlé ni. Láàárọ̀ ẹ ní omi gidi ni. Nísinsìnyí ó tún ti di májèlé. Ẹnu mélòó lẹ ní?"

Obìnrin kan rẹ́rìn-ín, òmíràn pòṣé, wọ́n sì tún ń rọ omi wọn lọ. Uswat ò rẹ́rìn-ín. Omi lé ròrò sí i lójú.

"Míìsì, èwo ni kí n wá gbà níbẹ̀?"

Ìgbà yẹn ni ìyá Uswat jáde nínú yàrá, ọwọ́ ní ìbàdí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní omi tóun ń rù láti òdìkejì ojú irin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹ̀yìn òun, oòrùn sì ń mú. Ó mú ife lórí ọmọrí dúrọ́ọ̀mù, ó bù ú kún.

Morẹ́nikẹ́ sáré na ọwọ́ sí ife náà. Uswat ló di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò dì í le, ó tilẹ̀ kúnlẹ̀ kó tó dì í.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ló wí, "ẹ jẹ́ kí ìyá mi mumi."

Obìnrin náà mu ún tán, ó sì tún bu òmíràn.