Ìdúpẹ́ Ṣáájú Ìdájọ́

Nígbà tí mo rí ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti àbẹ́là nínú báàgì màmá mi láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn, ara mi ò lélẹ̀ mọ́.

"Màmá, ìdúpẹ́ kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Ìdúpẹ́ ẹjọ́ ọ̀la ni."

"Ẹjọ́ tí wọn ò tíì dá?"

"Ìdúpẹ́ ìgbàgbọ́ nìyẹn." Wọ́n ń di àmùrè sùtánà wọn. "Ẹni tó bá ti dúpẹ́ ṣáájú, ojú á ti Ọlọ́run láti má ṣe é fún un. Gbẹ́sẹ̀ ńlẹ̀, a ti pẹ́."

Ẹjọ́ apá mi ni wọ́n ń sọ. Lọ́jọ́ ìdìbò, mo wà lórí ìlà níbùdó ìdìbò kan ní Ìba nígbà tí àwọn ọmọkùnrin kan yọ sí wa pẹ̀lú pákó àti igò, tí wọ́n ní ẹni tí kò bá ní dìbò fún ẹgbẹ́ tàwọn kó máa lọ sílé. Àwọn kan sá. Èmi ò sá. Kì í ṣe pé mo láyà. Jídé ló wà níwájú wọn, mo sì ti mọ Jídé láti ìgbà tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo rò pé á fojú fò mí ni. Ó wò mí lójú dáadáa, ó pè mí lórúkọ, "Dámilárá," ó sì fi pákó ọwọ́ ẹ̀ gbá mi lápá ọ̀tún. Irin wà nínú apá náà báyìí. Irun ni mo ń dì fún àwọn ọmọ yunifásítì tó ń gbé Ìba, àmọ́ bí mo bá gbé apá sókè sórí èèyàn, kò ní pẹ́ tí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Látìgbà ìdìbò yẹn, gbogbo nǹkan ti pín sí méjì ládùúgbò wa. Bí o bá ní òjò ń bọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ wojú ẹ bóyá ẹni tiwọn ni ọ́. Àwọn tó ń ta ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá mi ní Okokomaiko ń bi wọ́n léèrè pé èló ni ẹgbẹ́ kejì fún mi tí mo fi dúró gba pákó. Ẹni tó bá sì gbà pé wọ́n lù mí lóòótọ́, nítorí kó lè fi bú ẹgbẹ́ tí kò fẹ́ràn ló ṣe gbà bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́: kí ẹnì kan tí kì í ṣe tiwọn, tí kì í sì í ṣe tiwa, jókòó kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Mo ti rí ẹni yẹn. Màmá Adétọ́lá ni, adájọ́ màjísíréètì tí ẹjọ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́. Ọmọ ìjọ wa ni wọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé Jídé wá sí kóòtù, wọ́n sọ fún gbogbo èèyàn pé ìjọ kan náà làwọn àti ìdílé méjèèjì ń lọ, pé ẹni tí kò bá fẹ́ kí àwọn gbọ́ ẹjọ́ náà kó sọ̀rọ̀. Lọ́yà Jídé ní òun ò lòdì sí i. Ọlọ́pàá tó ń rojọ́ fún ìjọba náà ní kò sí wàhálà. Ọ̀nà mọ́. Ọ̀la ló kù kí n sọ tẹnu mi.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń gbàdúrà pé kí Wòlíì gbàgbé àkókò ìdúpẹ́. Wòlíì kì í gbàgbé rẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbé orin, màmá mi ti wà níwájú, tí wọ́n ń jó, àbẹ́là lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀pẹ̀ òyìnbó lọ́wọ́ òsì. Wọ́n gba gbohùngbohùn.

"Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dúpẹ́! Wọ́n fẹ́ gbé ẹjọ́ ọmọ mi gba ẹ̀yìn, Ọlọ́run ní rárá. Ó gbé e fún ẹni tiwa! Ọ̀la ni ìdájọ́ máa bọ́ sọ́wọ́ wa. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá Adétọ́lá!"

Wọ́n rìn lọ sí ìjókòó àwọn ìyá, wọ́n kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú adájọ́, wọ́n sì gbé ọ̀pẹ̀ òyìnbó náà síbi ẹsẹ̀ wọn.

Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Màmá Adétọ́lá ò gbọ́wọ́ kúrò lórí itan. Wọ́n ń wo ilẹ̀, bí ẹni tí wọ́n da omi sí lára. Láàárín àwọn akọrin, Àǹtí Florence, ìyá Jídé, ti dákẹ́ orin. Ọmọbìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ti gbé fóònù sókè, ó ń ya gbogbo ẹ̀.

Bí a ṣe jáde sórí iyanrìn gbígbóná, lẹ́sẹ̀ lásán bí ìṣe ìjọ wa, Àǹtí Florence ti dúró dè wá lẹ́nu géètì.

"Ẹ kú oríire o, Ìyá Dámilárá! Ẹ ti gba ìdájọ́ kó tó délé. Ẹ kúkú wá pín ìrẹsì ẹ̀ fún wa ká jẹ."

"Ìrẹsì máa jáde! Ọmọ tó fi pákó ṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ lápá, ìyá ẹ̀ wà ńbẹ̀ tó ń kọ aleluya."

"Ta ló rí i? Àbí ọ̀pẹ̀ òyìnbó ló rí i?"

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Mo fi wọ́n sílẹ̀, mo sáré bá Màmá Adétọ́lá níbi ọkọ̀ wọn. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé n kò mọ̀ sí i. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè kí n tó la ẹnu.

"Má sún mọ́ mi, Dámilárá. Má bínú. Padà sọ́dọ̀ ìyá ẹ."

Lọ́jọ́ Ajé, a ò tíì jókòó dáadáa ní kóòtù tí Màmá Adétọ́lá fi ti fáìlì ẹjọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì fún gbogbo èèyàn, láìfi ọ̀kan pa mọ́, títí kan ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Wọ́n ní àwọn ń yọwọ́ nínú ẹjọ́ náà, kí wọ́n gbé e fún adájọ́ mìíràn.

Màmá mi fò dìde. "Olúwa mi, kí ni mo ṣe? Ọpẹ́ ni mo dú!"

"Ẹ jókòó, Màmá. Bí mo bá dá ọmọkùnrin yìí lẹ́bi, wọ́n á ní ẹ ti dúpẹ́ lórí ẹ̀. Bí mo bá dá a sílẹ̀, wọ́n á ní mo ń bẹ̀rù ohun tí wọ́n máa sọ. Kò sí èyí tí mo ṣe tí ẹnikẹ́ni máa gbà gbọ́ mọ́."

Níta, àwọn ọ̀rẹ́ Jídé ń jó. Èmi ń bínú sí màmá mi, mo ń bínú sí Màmá Adétọ́lá, inú tún ń bí mi sí ara mi, torí pé nígbà tí ìjọ ń pàtẹ́wọ́, ibì kan nínú mi ń pàtẹ́wọ́ náà.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, òkìkí ti kàn pé Adájọ́ Adéníyì ló gba ẹjọ́ náà, pé àbúrò ẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ àwọn Jídé. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Gbogbo èèyàn. Ta ló rí àbúrò náà rí? Kò sẹ́ni. Àǹtí Florence ránṣẹ́ sí wa pé ká parí ẹ̀ nílé, kí Jídé wá dọ̀bálẹ̀.

"Jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀," ni màmá mi wí. Ohùn wọn ti rẹlẹ̀ látọjọ́ náà. "Tiwọn ni ọkùnrin yẹn. Á kàn fi ọ́ ṣẹ̀sín ni."

"Ẹ̀yin náà pe Màmá Adétọ́lá ní tiwa. Ṣé tiwa ni wọ́n?"

Lọ́jọ́ ẹjọ́, màmá mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò wọn ní Ìjanikin, wọ́n ní àwọn ò lè wò ó. Mo dá lọ. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde, mo lọ wo ẹnu ọ̀nà, títí tí ọlọ́pàá ibẹ̀ fi ní, "Sísítà, ṣé ìjókòó yẹn ń jó yín ni?"

Ọkùnrin pẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ awò ojú ni Adájọ́ Adéníyì. Látìgbà tó ti jókòó ni mo ti ń wá ibi tí ojú ẹ̀ tẹ̀ sí. Kí n tó sọ̀rọ̀, lọ́yà Jídé dìde.

"Olúwa mi, ó yẹ kí kóòtù mọ̀ pé ìdílé ẹlẹ́rìí yìí ti ṣe ìdúpẹ́ lórí ẹjọ́ yìí ní gbangba."

"Ṣé èmi ni wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀?" ni adájọ́ bi í.

"Rárá, Olúwa mi."

"Ẹ jókòó."

Ọlọ́pàá tó ń rojọ́ fún wa rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà," ni adájọ́ wí láìwo ibẹ̀, "kò sóhun ẹ̀rín ńbẹ̀."

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀. Mo ní Yorùbá ni mo fẹ́ sọ. Akọ̀wé kóòtù ń túmọ̀ ẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, adájọ́ sì ń fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́, jẹ́jẹ́. Ó di dandan kí n máa dúró de bírò ẹ̀. Mo ti há gbogbo ẹ̀ sórí tẹ́lẹ̀ bí orin, mo fẹ́ tú u jáde lẹ́ẹ̀kan kí n sá. Ìdúró yẹn ń jẹ mí lára.

"Gbogbo Ìba ló mọ irú èèyàn tí Jídé jẹ́," ni mo sọ láìdúró.

Bírò dúró. "Gbogbo Ìba ò sí nínú àpótí ẹlẹ́rìí. Kí ni ẹ̀yin rí?"

Ó dùn mí. Mo ní lọ́kàn mi pé òótọ́ ni, tiwọn ni ọkùnrin yìí. Mo wo ojú ẹ̀ láti rí i. Kò bínú, kò fajú ro, kò sì fà mí mọ́ra. Ó kàn ń dúró ni. Lápá kejì, Jídé ń wo bàtà ara ẹ̀.

"Mo rí Jídé," ni mo wí. "Ó wà níwájú wọn."

Akọ̀wé túmọ̀ ẹ̀. Adájọ́ kọ ọ́, ó sì gbójú sókè.

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Ó pe orúkọ mi."

Mo dúró títí ó fi kọ ìyẹn náà tán, mo sì sọ èyí tó tẹ̀ lé e.