Ibi Tí Sinimá Náà Ti Máa Ń Já

Gbogbo sinimá tí ọkọ mi Sàlísù ṣe nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, kò sí èyí tó ti jẹ ọba nínú wọn. Ó ti ṣe olè, ó ti ṣe ọlọ́pàá, ó ti ṣe ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń pa kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá lẹ ìwé sinimá mọ́ ògiri, ìsàlẹ̀ pátápátá ni orúkọ rẹ̀ máa ń wà. Kò dùn ún. Á ní, "Ìyá Shakirah, bí kò bá sí èmi, ta ni ọba fẹ́ rán níṣẹ́?"

Ẹyọ kan ló fi ń yangàn. Ọ̀gá wọn ṣe sinimá kan nípa ìyá kan tí odò gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Sàlísù ni wọ́n rán sí ìyá yẹn. Ó wọlé, ó fi fìlà ọmọ náà pamọ́ sẹ́yìn, kò lè sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ fún mi lómi mu ná." Ìyá bu omi fún un. Ó gbé e dé ẹnu, omi ò lọ. Ló bá rọra mú fìlà yẹn jáde. Ìbàdàn ni mo ti wò ó, kí n tó mọ̀ ọ́n rárá. Mo sunkún títí ìborùn mi fi tutù.

Sinimá ayé ìgbà yẹn, orí nǹkan pẹlẹbẹ gígùn kan ni àwòrán wà, wọ́n á ká a bí ẹni ká òwú. Ẹyọ kan náà ni wọ́n ń gbé kiri ìlú. Bó bá já, ẹni tó ń yí ẹ̀rọ á gé ibi tó bàjẹ́ jù nù, á lẹ ìyókù pọ̀. Ibi tí Sàlísù ti ń bèèrè omi gan-an ló máa ń já. Bó bá ti já, ọ̀gá á tì í jáde síwájú aṣọ funfun tí àwòrán ń hàn lára rẹ̀ kó lọ ṣe é lójúkojú, kí èrò má baà tú ká. Bí wọ́n ṣe ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni ibi tó wà nínú sinimá ń kúrú sí i.

Moss Side nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì la wà báyìí, nílé Shakirah ọmọ wa, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Crumpsall. Ibí ló bí Mubarakah sí. Ọmọ yẹn gbọ́ pé bàbá àgbà òun ṣe sinimá, ló bá tẹ orúkọ bàbá sórí fóònù. Kò rí nǹkan kan.

"Grandad, tí ẹ bá ṣe sinimá lóòótọ́, ẹ máa wà níbí."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni Ṣínà, ọmọ yunifásítì kan tí gbogbo wa mọ̀ ládùúgbò, wá sọ pé àwọn kan ti rí sinimá odò yẹn ní ilẹ̀ wa lọ́hùn-ún, wọ́n ti kó o sínú kọ̀ǹpútà, òun máa fi hàn ní gbọ̀ngàn tó wà nítòsí wa ní ọ̀sán Sátidé. Bàbá lọ aṣọ fúnra rẹ̀. Ó sọ fún gbogbo mọ́sálásí. Alhaji Abdulbasit, ọmọ Ìlọrin bíi tirẹ̀, tó wa bọ́ọ̀sì ní Princess Road títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò jẹ́ kó sinmi.

"Sàlísù, ibo ni kí n jókòó sí? Bí mo bá ṣẹ́jú, mo lè má rí ọ."

"Ìwọ ńkọ́? Gbogbo ọdún tó o fi wa bọ́ọ̀sì, ta ló wo ojú rẹ?"

Mo ní, "Bàbá Shakirah, bí wọ́n bá ti gé e tán ńkọ́?"

"Wọn ò lè gé gbogbo ẹ̀ tán. Kí Mubarakah ṣáà rí ojú mi nínú ẹ̀. Mi ò fẹ́ ju ìyẹn lọ."

Sátidé dé, gbọ̀ngàn kún. Ọmọ inú sinimá lọ sódò. Ìyá rẹ̀ jókòó sílé, ó ń retí rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí, ẹsẹ̀ kan tó wọ sálúbàtà wọlé. Àwòrán fò. Ìyá ti ń yí nílẹ̀, ó ń sunkún.

Mubarakah ní, "Grandad, ẹ̀yin dà?"

"Ẹsẹ̀ yẹn."

"Ẹsẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ mi ni."

Mo wo Abdulbasit. Kò rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ló ń wò.

Sàlísù mú ọ̀pá rẹ̀, ó dìde.

"Níbo lẹ ń lọ?" mo bi í.

"Ó já," ó ní. "Ṣé o ò rí i pé ó já ni?"

Ó rìn lọ síwájú. Obìnrin tó ń sunkún yẹn wá hàn lára agbádá rẹ̀. Ṣínà dá sinimá dúró. Bàbá ṣí fìlà tirẹ̀ kúrò lórí, ó fi pamọ́ sẹ́yìn, ó sì wo Mubarakah.

"Ìyá, ẹ fún mi lómi mu ná."

Mubarakah wò mí. Òǹgbẹ ló rò pé ó ń gbẹ bàbá lóòótọ́; ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un tipẹ́ pé kó máa rí i pé bàbá ń mu omi nítorí òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó yọ ike omi nínú báàgì rẹ̀, ó ṣí i, ó lọ kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un bí mo ṣe kọ́ ọ.

Bàbá gbà á. Ó gbé e dé ẹnu. Ọ̀fun rẹ̀ kò mì. Ó wo ọmọ náà pẹ́, bí ẹni tí ì bá fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì. Ló bá rọra mú fìlà jáde láti ẹ̀yìn, ó nà án sí i.

Mubarakah gbà á. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Grandad, ta ló kú?"

Àwọn obìnrin ti ń fa ìborùn bojú. Mo gbọ́ tí Abdulbasit ń fọn imú. Ṣínà jẹ́ kí sinimá máa lọ, igbe ìyá yẹn sì gba gbọ̀ngàn kan.

Bàbá padà wá jókòó. Mubarakah jókòó tì í, ó fara mọ́ ọn.

"Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ṣe é nínú sinimá?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni."

"Ẹ mu omi yín."

Bàbá mu ún tán. Fìlà rẹ̀ wà lórí itan ọmọ náà títí sinimá fi parí.