Òkúta Tí Kò Fọ́

Ìgbà kẹta tí Agbẹ́kùúta la òòlù mọ́ òkúta olórí ìlú, òòlù ló fọ́. Èérún rẹ̀ ta bà á níwájú orí.

"Òòlù ku méjì," ìyàwó rẹ̀ wí.

"Mo mọ̀."

Ìlú yẹn kò ní irin, wọn kò tilẹ̀ ní orúkọ fún un. Òkúta ni wọ́n fi ń gé ẹran, òkúta ni wọ́n fi ń gé ìwọ́ ọmọ, igi ni kọ́kọ́rọ́ ilé wọn. Òkúta dúdú yìí já bọ́ láti ojú ọ̀run sínú oko olórí ìlú, ó sì pa ewúrẹ́ kan. Láti ọjọ́ náà ni olórí ìlú ti ń pe ara rẹ̀ ní àna ọ̀run. Ó ní abẹ tí wọ́n bá fi òkúta yìí ṣe nìkan ni yóò tún kan orí òun. Bí Agbẹ́kùúta kò bá rí i ṣe kó tó di ọ̀sán, kó kó jáde, kó fi ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọkùnrin tó ń fi egungun ṣe abẹ ní òdìkejì òpópónà. Onítọ̀hún ti wá fi okùn wọn fèrèsé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Fi í síná," ìyàwó rẹ̀ sọ. "Òkúta tó bá lágídí, iná ní í gbà á níyànjú."

Bí oníṣẹ́ òkúta ti ń ṣe nìyẹn: wọ́n á fi iná mú òkúta gbóná kó lè fọ́ dáadáa. Wọ́n fẹ́ iná títí òkúta fi pọ́n bí ojú ọ̀mùtí. Agbẹ́kùúta fi igi tútù yí i jáde, ó lù ú. Kò fọ́. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Baba ọmọ, o ti sè é jù."

"Mo rí i."

"Ó rọ̀ bí ikùn olórí ìlú."

Òkúta tó bá ti rọ̀ ti kú. Oníṣẹ́ wo ni kò mọ ìyẹn? Agbẹ́kùúta jókòó. Ogójì ọdún ló ti lò nínú yàrá náà. Ó nawọ́ sábẹ́ àga, ó mú òkúta funfun lásán, ó gbá a lẹ́ẹ̀kan. Abẹ jáde. Ó fi èédú pa á lára.

Lọ́sàn-án, olórí ìlú fọwọ́ pa orí rẹ̀ tó ń dán.

"Ẹ wò ó bó ṣe tutù! Ọ̀run gan-an ni. Èyí tó ṣẹ́kù ńkọ́?"

"Kò ṣẹ́kù, Bàbá. Orí yín ló gbà á tán."

Ilé-iṣẹ́ kò kúrò lọ́wọ́ Agbẹ́kùúta títí ó fi kú. Òkúta tó tẹ́ náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, òun ni kì í jẹ́ kí atẹ́gùn gbá ìlẹ̀kùn. Nígbà òjò, ó máa ń pọ́n láìsí iná.