Ẹnu Búùtà ní Òkè Ọ̀kà

Bí Ọlọ́run bá fún ọ ní ọkọ tí kì í mutí, tí kì í na ìyàwó, tí kì í sì í tẹ̀lé obìnrin kiri, dúpẹ́ o, àmọ́ tún bèèrè bóyá ó máa ń tú nǹkan. Èmi Limota, wọn ò sọ fún mi kí n bèèrè. Múrítàlá ọkọ mi kò lè rí nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ kó má tú u wò. Ọjọ́ tó wá tọrọ mi nílé wa ní Ọ̀kà ló tú rédíò màmá mi. Ó ní òun fẹ́ kí ohùn rẹ̀ já gaara. Rédíò náà kò sọ̀rọ̀ mọ́, màmá mi kò sì dárí jì í. Atúmálètò ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, nígbà míì wọ́n máa ń pè é bẹ́ẹ̀ lójú.

Píkọ́ọ̀pù tí ọkọ mi fi ń kó iṣu láti Ògbàgì wá sí Ìkàrẹ́, níbi tí à ń gbé, ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ara rẹ̀ kò fi balẹ̀. Lọ́dún yẹn, Hájì bọ́ sínú ọyẹ́. Ọ̀sẹ̀ tí màmá mi fẹ́ ti Mẹ́kà dé gan-an ni ọkọ mi pàdé ọkùnrin kan tó ti Jámánì bọ̀ ní gáréèjì. Ẹni yẹn ló sọ fún un pé rọ́bà tín-ín-rín méjì wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ń gbé omi gbígbóná láti inú ẹ́ńjìnnì lọ sí tọ́rótù, ìyẹn ibi tí ọkọ̀ fi ń mí, kí yìnyín má bàa dí i lẹ́nu.

"Ìyá Bùsàrí, yìnyín o," ni ọkọ mi wí nígbà tó délé. "Ṣé yìnyín ti dí nǹkan lẹ́nu rí ní Ìkàrẹ́? A kàn ń fi omi gbígbóná jó ọkọ̀ nímú lásán ni. Tí mo bá yọ rọ́bà méjèèjì kúrò níbẹ̀, tí mo so wọ́n mọ́ra wọn, omi á gba ọ̀nà tiẹ̀ lọ, atẹ́gùn tútù á máa wọlé, ọkọ̀ á wá máa gun òkè bí ewúrẹ́."

Mo ní, "Ṣebí ó ń gun òkè tẹ́lẹ̀?"

Ó ní kò lè yé mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé búùtà oníke mi, aláwọ̀ ewé, pé kí n ṣe àlùwàlá. Omi ya sí mi lẹ́sẹ̀. Wọ́n ti gé ẹnu búùtà náà kúrò. Mo bá Bùsàrí ọmọ mi jà, mo bá eku inú ilé jà. Ọkọ mi jókòó sórí ẹní, ó ń ka tẹ̀súbáà rẹ̀ lọ. Wọ́n ní a kì í dákẹ́ ká ṣìwí, ó sì dákẹ́ lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí. Tàwàkálítù ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ Suleiman, ọlọ́jà aṣọ, tó ní jíìpù tó ń dán. Nínú jíìpù yẹn, iwájú ni màmá mi máa ń jókòó bí ìyàwó gómìnà. Tèmi, láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, màmá mi kò fẹsẹ̀ kan píkọ́ọ̀pù wa rí, kò sì jẹun nílé wa rí. Nígbà tí Suleiman wá ránṣẹ́ pé òun kò ní ráyè lọ pàdé màmá mi ní Ìkàrẹ́, níbi tí bọ́ọ̀sì àwọn alálàájì máa já wọn sí, mo fò dìde, mo ní ọkọ mi ló máa gbé wọn dé Ọ̀kà. Mo fẹ́ kí màmá mi fi ojú èèyàn wo ọkọ mi, kódà bó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré láyé. Mo ti bẹ Ọlọ́run lórí ọ̀rọ̀ yẹn títí ó fi sú mi.

Màmá mi sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, funfun báláú, eyín wúrà ń kọ mànà lẹ́nu wọn. Kẹ́ẹ̀gì omi Sámúsámù, omi mímọ́ Mẹ́kà, wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á.

Mo kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ káàbọ̀."

Wọn ò dáhùn.

"Àlájà, ẹ káàbọ̀."

"Ẹn-ẹ́n, Limota ọmọ mi."

Ọkọ mi ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. Wọ́n wo òun, wọ́n wo ọkọ̀ rẹ̀. "Ṣé o ò tú u?"

"Ẹ má ṣèyọnu, Àlájà," ni ọkọ mi wí. Èmi mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn.

A kọjá Àkùngbá, ọkọ̀ ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Àmọ́ nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè Ọ̀kà, ọwọ́ géèjì tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó gòkè ju ọkọ̀ lọ. Kí n tó lanu, èéfín funfun ti bo iwájú wa, ẹ́ńjìnnì sì kú.

Ọkọ mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, èmi náà bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ohun kan wà láàárín rọ́bà méjèèjì tó ti rọ bí ẹ̀kọ. Aláwọ̀ ewé ni.

"Bàbá Bùsàrí, ṣé ẹnu búùtà mi lẹ fi so ẹ́ńjìnnì?"

"Ó bá a mu gẹ́lẹ́ ni. Ṣebí omi náà ló ń gbà á kọjá nílé?"

"Ṣé omi tó ń hó ni mo fi ń ṣe àlùwàlá?"

Ó yọ ọ́ sọ nù, ó dá rọ́bà méjèèjì padà sí tọ́rótù, níbi tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi wọ́n sí. Ó ṣe é kíákíá, ó sì dúró dáadáa. Àmọ́ omi rédíétọ̀ ti dà nù tán. Ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo odò kéékèèké tó wà nítòsí. Lọ́rì kan dúró fún wa, epo pupa nìkan ló kó. Gbogbo wa ń wo kẹ́ẹ̀gì Sámúsámù, kò sẹ́ni tó jẹ́ dárúkọ rẹ̀.

Àkókò ìrun Àsárì tó. Àlájà fi iyẹ̀pẹ̀ ṣe táyámọ́mù dípò àlùwàlá kí omi náà má bàa dín, wọ́n kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n parí, ọkọ mi lọ dọ̀bálẹ̀ síwájú wọn.

"Àlájà, ẹ foríjì mí. Nítorí pé ẹ̀yin lẹ máa jókòó nínú ẹ̀ ni. Mi ò fẹ́ kó máa mí hẹlẹhẹlẹ gbé yín gun òkè. Ẹ jẹ́ kí n fẹsẹ̀ rìn padà lọ wá omi."

Wọ́n ní, "Ohun tí èèyàn bá torí ẹ̀ mu Sámúsámù ni Ọlọ́run máa ṣe fún un. Bẹ́ẹ̀ ni Áfáà wí fún wa. Kí ni ọkọ̀ yìí ń fẹ́?"

"Ó fẹ́ gòkè ni, Àlájà."

"Ẹnu rẹ̀ dà?"

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ọkọ mi ṣí rédíétọ̀. Àlájà ṣe Bìsìmílà, wọ́n fọwọ́ ara wọn bu omi Mẹ́kà fún píkọ́ọ̀pù. Ó mu ún tán pátá. Lẹ́yìn náà ló gun òkè láìdúró.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dúró nílé màmá mi ní Ọ̀kà pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Suleiman ló wà níwájú, fláàsìkì ńlá ni tiẹ̀. "Àlájà, ẹ kú àbọ̀ o. Sámúsámù wa dà?"

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Hájì dé kò ní parọ́. Wọn ò sì pa á. Wọ́n sọ ti rọ́bà, wọ́n sọ ti búùtà, wọ́n ní píkọ́ọ̀pù ló mu omi náà. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Suleiman rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ọkọ mi tẹrí ba, ojú sì tì mí débi pé mo fẹ́ wọlẹ̀.

Àlájà dúró kí ẹ̀rín náà parí. "Suleiman, jíìpù rẹ ńkọ́?"

"Ó wà nílé, Àlájà. Eruku ọyẹ́ ń bà á jẹ́, mo fi aṣọ bò ó."

"Ó dáa. Múrítàlá ba ọkọ̀ tiẹ̀ jẹ́ nítorí mi. Ìwọ daṣọ bo tìrẹ."

Àwọn tó nawọ́ ife bẹ̀rẹ̀ sí í fi í pa mọ́ sábẹ́ aṣọ. Tàwàkálítù gbé oúnjẹ Àlájà wá, wọ́n gbà á, wọ́n sún sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí ẹní, wọ́n ní kí ọkọ mi wá jókòó kí àwọn jọ jẹ ẹ́. Mo sunkún lójú gbogbo wọn, mi ò sì nu ojú mi.