Hòtẹ́ẹ̀lì Tí Wọn Kò Ti Mọ Àríkẹ́

Oorun ni Àríkẹ́ bá wá sí Èkó. Kì í ṣe òkun, kì í ṣe afárá, kì í ṣe ọjà Téjúoṣó tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ròyìn. Ó fẹ́ sùn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ kedere, kí ó jí, kí ó wo àjà, kí ó tún yí ẹ̀gbẹ́ padà, kí ẹnikẹ́ni má sì pè é ní ìyàwó kí ó tó bọ́jú. Ẹni tí ó bá rò pé ohun kékeré nìyẹn, a jẹ́ pé onítọ̀hún kò ṣe ìyàwó ilé rí.

Ìyàwó ilé kì í sinmi. Ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ti bí sí agboolé kí wọ́n tó gbé e wọlé, ọkọ ni ọmọ náà jẹ́ fún un. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀, àfi kí ó fún un lórúkọ àpọ́nlé, kí ó pè é ní Akọ̀wé tàbí Adúmáadán, kí ó sì kúnlẹ̀ kí ọmọ tí ó yẹ kí ó fa imú fún. Ọdún mẹ́wàá ni Àríkẹ́ ti ń kúnlẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó ń gbálẹ̀, tí ó ń pọnmi. Bí wọ́n bá sì wá sí Èkó, ilé Àkàngbé, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ní Mushin ni wọ́n ń dé sí. Iṣẹ́ ibẹ̀ tún wá burú ju ti ilé lọ, nítorí gbogbo ẹbí tó wà ní Èkó ni yóò wá kí àlejò, àlejò náà ni yóò sì dáná tí wọn yóò jẹ. Nígbà Kérésìmesì tí wọ́n wá kẹ́yìn, ògiri ẹ̀yìnkùlé àti èéfín nìkan ni Àríkẹ́ rí ní Èkó.

Nígbà tí ìjọba fi owó Údójì kún owó oṣù lọ́dún 1975, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń ra rédíò àti alùpùpù, Túbọ̀sún ọkọ rẹ̀, tí í ṣe tíṣà, bi í pé kí ni ó fẹ́. Ó ní, "Ẹ mú mi lọ sí Èkó, kí á sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì." Túbọ̀sún rẹ́rìn-ín títí ó fi rí ojú rẹ̀. Ó ṣèlérí fún un pé nígbà ìsinmi Àjíǹde, àwọn yóò sun oorun ọjọ́ méjì níbi tí ẹnì kankan kò ti mọ̀ wọ́n. Ní ti Mushin, àwọn yóò kàn yà kí ẹ̀gbọ́n òun lọ́sàn-án ni.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè tí wọ́n lọ wọ̀ ní Òṣogbo, ní Èbúté Mẹ́ta láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí ara gbogbo wọn ń ro. Àríkẹ́ pọn Ọláníyì, ọmọ ọwọ́. Fúnmiláyọ̀, ọmọ ọdún méje, di etí ìró ìyá rẹ̀ mú. Túbọ̀sún gbé àpótí lọ́wọ́ kan, ó sì gbé àpò iṣu lé èjìká. Àríkẹ́ ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kí ó fi iṣu sílẹ̀.

"Kí n wá kí ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ òfìfo?" ni Túbọ̀sún wí. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Hòtẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ wà ní Yaba. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán débi pé Fúnmiláyọ̀ bọ́ bàtà kí ó tó wọlé. Akọ̀wé tó so táì mọ́rùn wo Túbọ̀sún, ó wo àpò iṣu, ó sì nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilé láì dìde.

"Ẹ̀yìn ni wọ́n ń kó oúnjẹ gbà wọlé. Ẹ bèèrè kúùkù."

Túbọ̀sún sọ àpò kalẹ̀, ó sì fi gẹ̀ẹ́sì tíṣà ṣàlàyé pé yàrá ni òun ń wá, òun kì í ṣe oníṣu. Akọ̀wé tọrọ àforíjì, ó sì dá iye tí wọ́n ń gbà lálẹ́ ọjọ́ kan. Túbọ̀sún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an, bí ẹni tí wọ́n ta lọ́rẹ, ó sì tún gbé iṣu rẹ̀ lé èjìká. Nígbà tí wọ́n dé títì ni ó tó sọ fún Àríkẹ́ pé bí àwọn bá sun ibẹ̀ lọ́jọ́ méjì, ẹsẹ̀ ni àwọn yóò fi rìn padà sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Wọ́n ń rìn lọ. Oòrùn ti mú. Wọ́n dé ibì kan, wọ́n ní àwọn agbábọ́ọ̀lù ti gba gbogbo yàrá. Wọ́n dé ibòmíràn, omi kò sí níbẹ̀, iná kò sí, ẹni tó ni ín pàápàá kò sí nílé. Ọláníyì ń ké lẹ́yìn ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ ń bèèrè pé ṣé hòtẹ́ẹ̀lì jìnnà sí Èkó ni. Ó ti rẹ Àríkẹ́ tẹnutẹnu, ṣùgbọ́n kò fẹ́ sọ ọ́, nítorí bí ó bá sọ ọ́, ọkọ rẹ̀ yóò ní kí àwọn máa lọ sí Mushin.

Ní Sùúrùlérè, wọ́n rí ilé aláràbarà kan tí orin ti ń dún láti inú rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Sylvester ló wà nídìí tábìlì.

"Oga, na how many hours?"

"Wákàtí kẹ̀? Ọjọ́ méjì là ń wá," ni Túbọ̀sún dáhùn.

Sylvester na ọrùn wo Àríkẹ́, ó wo ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo Fúnmiláyọ̀. "Ẹ̀yin àti màdáámù? Pẹ̀lú àwọn ọmọ?" Ẹ̀rín fẹ́ pa á. Ọmọbìnrin kan tó dé wíìgì pupa dìde nínú àga lẹ́bàá ògiri, ó sì gbá a lórí.

"Sylvester, shut up!" Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fún Fúnmiláyọ̀ ní bisikíìtì, ó wá rọra sọ fún Àríkẹ́ pé, "Àǹtí, ẹ má bínú. Rosaline lorúkọ mi, ibí ni mò ń gbé. Ibí yìí ò dáa fún ọmọ kékeré."

Ó yé Àríkẹ́. Ó yé Túbọ̀sún náà, ojú sì tì í débi pé ó gbàgbé àpótí sílẹ̀, ó ní láti padà wá gbé e. Ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, bó bá ṣe pé Àríkẹ́ dá wá ni, ì bá sùn síbẹ̀. Rosaline kò pè é ní ìyàwó.

Ìgbà tí wọ́n ń rìn padà sí ìhà Ojú Ẹlẹ́gbà ni wọ́n já sí àdúgbò kan tó pa rọ́rọ́. Ilé alájà kan wà níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sára pátákó iwájú rẹ̀ pé yàrá wà. Bàbá arúgbó kan tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ń ka ìwé ìròyìn. Ọ̀jẹ̀túndé ni orúkọ rẹ̀, òun ló ni ilé. Iye tí ó dá kò ga ju agbára tíṣà lọ, kò wo àpò iṣu lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fún Fúnmiláyọ̀ lómi mu kí ẹnikẹ́ni tó tọrọ. Ó ṣílẹ̀kùn yàrá kan fún wọn.

Bẹ́ẹ̀dì irin ni, aṣọ funfun ni wọ́n tẹ́ sí i, wọ́n sì ká etí rẹ̀ sábẹ́ fóòmù. Fèrèsé ní nẹ́ẹ̀tì. Fáànù ń yí lókè. Àwọn ọkùnrin jáde lọ sanwó. Àríkẹ́ sọ Ọláníyì kalẹ̀, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó bọ́ bàtà, ó sì dùbúlẹ̀. Kò mọ̀gbà tí ó mí kanlẹ̀. Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ń tú sílẹ̀ bí okùn tí wọ́n já. Fúnmiláyọ̀ ti sùn lọ lórí àpótí. Inú Àríkẹ́ dùn, ó dùn débi pé ó fẹ́ sunkún.

Ohùn Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé wọlé láti ọ̀ọ̀dẹ̀. "Ṣé ará òkè ni yín? Ohùn yín jọ ti ọ̀dọ̀ wa."

Àríkẹ́ lajú. Nínú ọkàn rẹ̀ ó ní, Bàbá Fúnmi, ẹ ní Òṣogbo ni. Ẹ ní Ìlá ni. Ẹ ní ibi tó bá wù yín.

"Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, sà," ni Túbọ̀sún wí, ọ̀rọ̀ náà sì kún ẹnu rẹ̀.

"Áà! Èmi náà ńkọ́? Ilé ta ni?"

Ibi tí ọ̀ràn ti bàjẹ́ nìyẹn. Túbọ̀sún lè sọ pé òun ń kánjú, ó lè bú sẹ́rìn-ín kí ó yí ọ̀rọ̀ padà. Ṣùgbọ́n ibo ni wọ́n ti bi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ léèrè ilé bàbá rẹ̀ tí ó fi pa á mọ́? Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní ilé Alágbẹ̀dẹ ni, ó sì ka bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀. Arúgbó náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, ó ń kì í, Túbọ̀sún ń sọ pé "Ẹ ṣeun, sà," orí rẹ̀ ń wú.

"Ilé Alágbẹ̀dẹ! A jẹ́ pé o mọ Àkàngbé bíríkìlà, tó wà ní Mushin?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, sà. Ìyá kan, bàbá kan."

Àríkẹ́ gbọ́ tí àga dún. Arúgbó náà ti dìde.

"Àkàngbé wà ní Mushin, ìwọ wá fẹ́ sun hòtẹ́ẹ̀lì? Ṣé ó lé ọ ni?"

"Rárá o, sà."

"Ìjà ni?"

"Kò síjà, sà."

"Èmi àti Àkàngbé la jọ ń ṣe ìpàdé ọmọ ìlú. Bí mo bá gba owó oorun lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ojú wo ni n ó fi wò ó lọ́jọ́ Sọ́ńdè? Wọn ó ní owó ti sọ mí dà. Gba owó rẹ. Mọ́tò mi wà nílẹ̀, èmi fúnra mi ni n ó gbé yín lọ."

Àríkẹ́ jáde, ó kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà láìwọ bàtà. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sùn mọ́jú. Lọ́la a ó lọ. Ó rẹ̀ mí, sà."

Ẹ̀rín tí ó dára ni Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé rín. Ènìyàn rere ni, ohun tó tún wá dun Àríkẹ́ jù nìyẹn. "Ìyàwó wa, ó ti rẹ̀ ọ́ lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí o délé rẹ, kí o lọ sinmi."

Àríkẹ́ wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Ó padà sínú yàrá, ó gbé ọmọ pọ̀n, ó jí Fúnmiláyọ̀. Kí ó tó jáde, ó tẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà padà, ó sì ká etí rẹ̀ sábẹ́ fóòmù bí ó ṣe bá a.

Ní Mushin, ariwo ayọ̀ gba gbogbo ilé. "Ìyàwó dé o! Ìyàwó dé!" Àkàngbé, ọkùnrin fìrìgbọ̀n tí ọwọ́ rẹ̀ le bíi bíríkì tó ń mọ, gbá àbúrò rẹ̀ mọ́ra. Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé wá fi ẹ̀rín sọ ibi tí ó ti rí wọn, ó sì kí wọn pé ó dìgbà, ó wa mọ́tò rẹ̀ lọ. Ojú Àkàngbé yí padà.

"Hòtẹ́ẹ̀lì? Túbọ̀sún, kí ni mo fi ṣe ọ́?" Kò pariwo. Omi ti lé sójú rẹ̀.

Túbọ̀sún dọ̀bálẹ̀. Àwọn ará ilé ti dúró yí wọn ká. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, òógùn bò ó.

"Ẹ má bínú, Bọ̀ọ̀dá. Ìyá Fúnmi ló ní ká ṣe bẹ́ẹ̀."

Gbogbo ojú yí sí Àríkẹ́. Ó rẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀, ṣùgbọ́n irú àárẹ̀ tó mú un báyìí kì í ṣe ti ẹsẹ̀. Ọkùnrin tó ṣèlérí fún un ló fà á lé wọn lọ́wọ́ yìí, kò sì pẹ́ rárá kí ó tó ṣe é. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. "Ẹ má bínú, sà. Àṣìṣe mi ni."

Àkàngbé fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ó tán. Dìde, ìyàwó. Ìyá Sìdíkàt! Ìyàwó rẹ ti dé o. Ẹ dáná, àwọn ẹbí ń bọ̀ wá kí àlejò."

Ìyá Sìdíkàt, aya Àkàngbé, wà ní ẹ̀yìnkùlé nídìí ààrò, èéfín bò ó lójú. Ìyáálé Àríkẹ́ ni, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àríkẹ́ kí i, ó so ìró le, ó jókòó sórí àpótí ìdáná, ó sì gba àwo ìrẹsì, ó ń ṣa òkúta inú rẹ̀. Ó ń retí ìbáwí. Ìyá Sìdíkàt fi ṣíbí ro ọbẹ̀ nínú ìkòkò, ó bo ìdérí, ó bojú wo ẹnu ọ̀nà ilé, ó sì fa àpótí tirẹ̀ súnmọ́ ọn.

"Mo gbọ́ ohun tí ẹ ṣe."

"Ẹ má bínú, ìyáálé mi."

"Ta ló ń bínú? Ilé tí ẹ ti ń bọ̀ yẹn, ṣé bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀?"

"Ó wà, mà."

"O dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀?"

"Mo dùbúlẹ̀. Kò pẹ́. Kò ju kí omi ẹ̀kọ hó lọ."

"Ta ló pè ọ́?"

Àríkẹ́ ju òkúta kan nù. "Kò sẹ́ni tó pè mí."

Ìyá Sìdíkàt gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti pé ogún ọdún tí ó ti ń dáná ní ẹ̀yìnkùlé yìí. "Kò sẹ́ni tó pè ọ́," ni ó tún wí, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

Láti iwájú ilé, ohùn ọkùnrin kan dún pé, "Ìyàwó! Omi mímu dà?"

Àríkẹ́ fi ọwọ́ tilẹ̀ láti dìde. Ìyá Sìdíkàt di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Jókòó," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Sọ bí bẹ́ẹ̀dì náà ṣe rí fún mi ná."