Dẹwọ́

Bàbá mi ló bí mi, òun ló ń kọ́ mi ní eré sísá, òun náà ló ń se oúnjẹ tí mò ń jẹ. Tí olùkọ́ mi bá bí mi nínú, ta ni mo fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn? Láti ọdún mẹ́fà tí ìyá mi ti kú la ti wà bẹ́ẹ̀, èmi àti òun nínú yàrá méjì.

Lọ́jọ́ kan tá a lọ sí ìdíje eré sísá, ẹni méjì àkọ́kọ́ nínú eré irínwó mítà ni wọ́n máa mú lọ sí ibùdó àwọn eléré ìdárayá ní ìlú mìíràn, fún ọdún méjì. Ká má parọ́, mi ò bìkítà fún àmì-ẹ̀yẹ. Mo kàn fẹ́ kúrò nílé.

Ìṣòro mi ni pé tí bàbá mi bá ti ń wò mí, ara mi á le bí igi ìdáná. Màá di ẹ̀ṣẹ́, màá wa eyín pọ̀, èjìká mi á gòkè wá bá etí. Á wá máa pariwo: "Fara balẹ̀! Ṣé o ò gbọ́ ni? Mo ní kó o fara balẹ̀!" Ẹni tí mo ní kó fẹ́ mi lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ìbọn ìbẹ̀rẹ̀ eré dún. Nígbà tó ku ọgọ́rùn-ún mítà, ipò kẹrin ni mo wà, itan mi ti wúwo. Ibẹ̀ ni bàbá mi dúró sí, lẹ́yìn irin tó yí pápá ká, ó ké: "Dẹwọ́!" Ó tún ké: "Dẹwọ́!"

Nínú ilé wa, ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni dẹwọ́ ní: kéèyàn máa jáwọ́ nínú iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló fi kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọ́dọ̀ dẹwọ́. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Kò fẹ́ kí n lọ.

Inú bí mi, lẹ́yìn náà ó sú mi. Mo ní, ó dáa, Bàbá, ẹ ti borí. Ìka mi tú, àgbọ̀n mi rọ̀, èjìká mi wálẹ̀. Mo kàn ń lọ ni. Àfi bí mo ṣe kọjá ẹnì kan. Mo tún kọjá ẹlòmíràn. Kí n tó mọ̀, mo ti gba ipò kejì.

Bàbá mi wá bá mi lórí koríko, ó kúnlẹ̀, ó ń tú okùn bàtà mi.

"O gbọ́ mi lónìí," ó ní.

"Mo rò pé ẹ ní kí n fi eré náà sílẹ̀ ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀ṣẹ́ tó o dì ni mo rí. Ọwọ́ rẹ ni mo ní kó o dẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ sọ ọ́, Bàbá."

Kò gbójú sókè. Okùn bàtà ti tú tán, ó ṣì ń tú u.

"Ti àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ ni. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo rántí pé èmi nìkan ló máa kù nínú ilé yẹn. Dárí jì mí."

Wọ́n ń pe àwa tá a yege pé ká wá fọwọ́ sí ìwé. Wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún pè mí. Mò ń wo orí rẹ̀ látòkè. Mi ò mọ ìgbà tó hu ewú tó bẹ́ẹ̀. Ó di ẹsẹ̀ mi mú, mi ò sì lè fà á yọ.